Bàbà Nínú Ilé, Fáíbà Lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọgbà: Bí Mo Ṣe Fa Wáyà Íntánẹ́ẹ̀tì Wa

Wi-Fi ló sú mi. Ní yàrá tí ráútà wà, gbogbo nǹkan ń lọ geere, ṣùgbọ́n kọnkéré ni ògiri ilé wa. Téèyàn bá ti fi ògiri méjì sẹ́yìn báyìí, fídíò á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ti yàrá iṣẹ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ ọgbà ló wá burú jù: ojú ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé á kàn gan, ohùn á sì lọ. Mo pinnu pé wáyà ni màá fà. Ó wá ku irú wáyà wo: ṣé wáyà bàbà tá a ti mọ̀ tipẹ́ ni, àbí fáíbà, okùn gíláàsì tín-ín-rín tí gbogbo ayé ń pariwo?

Ọmọkùnrin tó ń bá wa tún iná ilé ṣe ni mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. "Ẹ̀gbọ́n, fáíbà ló lòde báyìí o. Ẹ jẹ́ ká fà á wọ gbogbo yàrá, kó tán síbẹ̀." Mo ní, "Àbúrò, ṣé tẹlifíṣọ̀n wa ní ojú ihò fáíbà ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní a máa nílò ẹ̀rọ kékeré kan tó máa yí fáíbà padà sí bàbà. Ìyẹn ni pé yàrá kọ̀ọ̀kan á ní ẹ̀rọ tirẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á sì máa wá ibi tí yóò ti jẹ iná. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó ná.

Ọ̀rọ̀ eré sísá ni kí n kọ́kọ́ yanjú, torí òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Wọ́n á ní ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú fáíbà kọjá, pé kò sì sí ohun tó lè sáré tó ìmọ́lẹ̀. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ kì í sá eré rẹ̀ tán nínú gíláàsì. Nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ló ń rìn níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdá méjì nínú mẹ́ta eré tó ń sá níbi tó ṣófo pátápátá. Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán gba inú Cat6 (ọ̀kan nínú àwọn ìpele wáyà bàbà íntánẹ́ẹ̀tì) náà ò jìnnà sí iye yẹn. Láti pálọ̀ dé yàrá, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó ṣáájú. Ibi tí fáíbà ti ju bàbà lọ ni pé ó lè ru ẹrù tó pọ̀ gan-an lọ sí ọ̀nà tó jìn láì jẹ́ kó bà jẹ́.

Bàbà náà sì ń gbìyànjú. Cat5e ń gbé gígábíìtì kan (mẹ́gábíìtì 1,000) ní ìṣẹ́jú àáyá kan dé 100 mítà. Cat6 lè gbé gígábíìtì 10, ṣùgbọ́n kò lè kọjá bíi 55 mítà pẹ̀lú rẹ̀. Cat6A ló ń gbé 10 yẹn dé 100 mítà. Mo mú téèpù, mo wọn ọ̀nà tí wáyà máa gbà: gòkè ògiri, gba orí àjà, sọ̀kalẹ̀ sí yàrá tó jìnnà jù. Kò tó 40 mítà. Íntánẹ́ẹ̀tì tá à ń sanwó fún ò tíì tó gígábíìtì kan. Tẹlifíṣọ̀n wa gan-an, ojú ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò ju mẹ́gábíìtì 100 lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì rí lára ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tó wá gbé bàbà lékè pátápátá ni iná. Wáyà kan náà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì lè gbé iná lọ fún ẹ̀rọ tó wà ní ìdí rẹ̀. PoE ni wọ́n ń pe ètò yẹn. Ìlànà tó jáde ní 2003 fàyè gba wáàtì 15.4 láti ojú ihò kọ̀ọ̀kan lára switch (àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì sí oríṣiríṣi wáyà), ti 2009 gbé e dé 30, ti 2018 sì lè dé 90. Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà wa àti ẹ̀rọ Wi-Fi tí mo kàn mọ́ àjà, wáyà tín-ín-rín kan péré ló lọ bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó ti tán. Gíláàsì kì í gbé iná. Ká ní fáíbà ni mo fà lọ sórí àjà, oníná á tún ní láti fa wáyà tirẹ̀ tẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo dé ìsọ̀, ẹni tó ń tajà fẹ́ kí n gba Cat8. Mo dúpẹ́, mo kọ̀. Ibi tí wọ́n ń to kọ̀ǹpútà ńláńlá jọ sí ni wọ́n ṣe Cat8 fún, 30 mítà péré sì ni agbára rẹ̀ mọ. Cat6 ni mo gbà. Èyí tí òwú inú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ bàbà kan tó le ló yẹ inú ògiri. Èyí tó rọ̀, tó jẹ́ òwú wẹ́wẹ́ tí wọ́n lọ́ pọ̀, ti wáyà kúkúrú tó ń ti ara ògiri lọ sí ara kọ̀ǹpútà ni.

Ohun tó yẹ kéèyàn ṣọ́ jù lọ́jà ni wáyà tí wọ́n kọ CCA sí lára, tàbí tí wọn ò tiẹ̀ kọ nǹkan kan sí. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́ bò ni CCA. Ó ń tètè kán níbi tí wọ́n bá ti ká a, bí iná PoE bá sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń gbóná ju bàbà lọ. Mo ní kí wọ́n gé díẹ̀ fún mi, mo bó o, mo wá fi ojú ọ̀bẹ ha òwú kan. Bàbà pọ́ńbélé á pupa dé inú. Bó bá jẹ́ CCA ni, bí ọ̀bẹ bá ti gbá bàbà orí rẹ̀ kúrò, funfun á yọjú.

Fífà á ò ṣòro: mo jẹ́ kó jìnnà sí wáyà iná, ibi tí wọ́n bá sì ti gbọ́dọ̀ pàdé, mo jẹ́ kí wọ́n dábùú ara wọn. Síso ẹnu rẹ̀ ló gba sùúrù. Òwú mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì lọ́ wọn mọ́ra ní méjì méjì. Lílọ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí ariwo láti ìta da iṣẹ́ tó ń gba inú wọn kọjá rú, torí náà mi ò tú u kọjá mìlímítà 13 níbi ẹnu. Mo fi àtàǹpàkò na òwú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ títí wọ́n fi tọ́, mo tò wọ́n: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-búráùn, búráùn. Mo gé orí wọn dọ́gba, mo tì wọ́n wọnú RJ45, ẹnu ike tí wọ́n ń fi sí ìdí wáyà, títí mo fi rí orí bàbà mẹ́jọ tó ń dán níwájú ike náà, kí n tó fi púláyà rẹ̀ fún un pa. Bí mo ṣe tò wọ́n ní ìdí kan náà ni mo ṣe tò wọ́n ní ìdí kejì. Àmì kan wà tó ń tú àṣírí: bí ẹ̀rọ méjì tó lè lo gígábíìtì bá so pọ̀, tí wọ́n wá ń bára wọn sọ̀rọ̀ ní mẹ́gábíìtì 100, ẹ lọ wo ẹnu wáyà yẹn. Òwú mẹ́rin tó fún 100, ṣùgbọ́n mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni gígábíìtì ń lò.

Ọ̀rọ̀ yàrá iṣẹ́ yàtọ̀. Láti inú ilé dé ibẹ̀ jẹ́ bíi 60 mítà, bàbà á dé ibẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ààrá ni mo rò. Ilé méjèèjì ní irin tiwọn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún ààbò iná. Bí ààrá bá sán nítòsí, iná tó wọlẹ̀ níbi irin kan á ju tibi ìkejì lọ fíìfíì. Bí wáyà bàbà bá wá so ilé méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ ni iná yẹn máa gbà, á sì gba inú switch kọjá. Wọ́n ń ta ohun ìdáàbòbò tí wọ́n ń so mọ́ wáyà bàbà lórí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gba ẹ̀rọ sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ fi ẹ̀rọ mi dán an wò. Iná ò lè gba inú gíláàsì. Kìkì pé kéèyàn bi ẹni tó ń tà á dáadáa, torí àwọn fáíbà kan tí wọ́n ṣe fún ìta ní irin nínú kó lè lágbára, irin yẹn á sì dá wa padà sí ibi tá a ti ń sá bọ̀. Èyí tí kò ní irin rárá ni mo rà.

Oríṣi gíláàsì méjì ló wà. OM3, tí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ fẹ̀ tó máíkírọ́ọ̀nù 50 (1,000 máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan), ń gbé gígábíìtì 10 dé 300 mítà. OS2, tí tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 9, ń gbé iye kan náà dé 10 kìlómítà. OS2 ni mo yàn. Mo mọ̀ pé 60 mítà ò nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, gíláàsì yẹn á sì gba ohunkóhun tí mo bá fẹ́ fi sí ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Mo rà á pẹ̀lú ẹnu LC (irú ẹnu kékeré kan tí wọ́n ń fi sí ìdí fáíbà) tí wọ́n ti so mọ́ ọn nílé iṣẹ́, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó gíláàsì pọ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń rà nítorí okùn kan. Kí n tó ra páìpù ni mo ti wọn bí ẹnu yẹn àti ike tí wọ́n fi bò ó ṣe tóbi tó. Páìpù tó gba okùn lè má gba ẹnu okùn. Mo tún fi okùn ìfà sílẹ̀ nínú páìpù náà fún ohun tó bá tún máa gba ibẹ̀ kọjá.

Mo fi switch tó ní ojú ihò SFP sí ìdí méjèèjì, mo sì ki ẹ̀rọ SFP gígábíìtì kan, ẹ̀rọ kékeré tó ń so fáíbà mọ́ switch, bọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Gíláàsì méjì ló wà nínú okùn yẹn, ọ̀kan ń ránṣẹ́, ìkejì ń gbà á. Bí iná switch kò bá tàn, ẹ pààrọ̀ ipò àwọn méjèèjì ní ìdí kan péré. Ẹ má ṣe fi ojú wo ẹnu rẹ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ń jáde: ojú wa ò lè rí irú ìmọ́lẹ̀ yẹn, síbẹ̀ ó lè pa ojú lára. Kí n tó ki ẹnu kọ̀ọ̀kan bọlé, mo nù ún pẹ̀lú ohun ìnu tí wọ́n ṣe fún un, torí eruku kékeré lè di ọ̀nà tí kò ju máíkírọ́ọ̀nù 9 lọ.

Mo gbé kọ̀ǹpútà kan sílé, òmíràn sí yàrá iṣẹ́, mo fi iperf3, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wọn bí dátà ṣe ń yára lọ, wọn ohun tó ń lọ láàárín wọn. Nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 940 ló mú wá. Gígábíìtì kan pé nìyẹn, torí ohun tí wọ́n ń fi di dátà ló ń jẹ ìyókù. Bí mo bá fẹ́ gbé e dé gígábíìtì 10 lọ́la, ẹ̀rọ SFP àti switch ni màá pààrọ̀ lọ́dọ̀ fáíbà. Nínú ilé náà, Cat6 tí kò tó 40 mítà á gbé 10, àmọ́ ẹ̀rọ SFP tó ń fi bàbà ṣe 10 ń jẹ iná ju ti fáíbà lọ, ó sì ń gbóná gan-an. Bó bá di pé ẹ̀rọ méjì tó ń gbé dátà púpọ̀ fún ara wọn wà nínú yàrá kan náà, fáíbà kúkúrú ni màá fi so àwọn yẹn pọ̀. Mi ò ní tún fi òòlù kan ògiri àwọn yàrá tó kù mọ́.