Bí mo ṣe fi àgádágodo wọn òòfà ilẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, tí téèpù mi sì dójú tì mí

₦15,000 ni mo kà lé tíṣà lẹ́sínì lọ́wọ́ kí ọmọ mi lè mọ practical Físíìsì kí WAEC tó dé. Owó aṣọ ẹbí ni o, èyí tí mo fi òru rán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kó gbé ìwé rẹ̀ wá kí n wò ó. Mo rí tábìlì tó gún régé: gígùn okùn, àkókò ìfì ogún, gbogbo rẹ̀ ló pé. Gíráàfù rẹ̀ tọ́ débi pé rúlà gan-an lè jowú rẹ̀. Mo bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù náà, ìyẹn ohun tí wọ́n so sí ìdí okùn kó lè máa fì, ṣé òkúta ni àbí irin. Ó kàn ń wojú mi.

"Mọ́mì, a ò so nǹkan kan o. Tíṣà kọ iye ẹ̀ sí bọ́ọ̀dù, a wá dà á kọ."

Mo ní okùn náà ńkọ́, ṣé o tiẹ̀ fọwọ́ kàn án? Rárá. Ó ní tíṣà sọ pé ẹni tó ń máàkì kì í bèèrè irú òwú tí èèyàn lò.

Èkìtì yìí náà ni o! Èkìtì tí wọ́n ní bí o bá ju òkò sínú ọjà, orí ọ̀jọ̀gbọ́n ni yóò bà. Inú bí mi títí mo fi gbàgbé oúnjẹ lórí iná. Èmi náà ka sáyẹ́ǹsì dé SS3 kí n tó bọ́ sídìí maṣíìnì, ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń ránṣọ. Mo ní òwú, mo ní téèpù, aago wà nínú fóònù. Kí ló wá kù? Mo ní kí ọmọ náà jókòó, èmi fúnra mi ni n ó kọ́ ọ.

Síso rẹ̀ kò le. Ìṣó lára àtẹ́rígbà ṣọ́ọ̀bù, òwú tó nípọn tí mo fi ń rán jíìnsì, àgádágodo ńlá nísàlẹ̀ rẹ̀, ó parí. Ẹ ṣáà má fi òwú tó ń fà bíi rọ́bà so ó. Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan fún okùn mítà kan, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ láìtì í. Bí ó bá ń fì gbàgàdà bíi jangírọ́fà ọmọdé, òfin tí a fẹ́ lò kò ní bá a mu mọ́. Ìfì kan ni kó lọ, kó sì padà síbi tó ti gbéra.

Òfin náà nìyí: g = 4π²L ÷ T². L ni gígùn okùn ní mítà, T ni àkókò ìfì kan ní ìṣẹ́jú àáyá, 4π² sì jẹ́ 39.48. Ohun tí g ń sọ ni bí òòfà ilẹ̀ ṣe ń mú kí ohun tó ń já bọ́ máa yára sí i: ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, eré rẹ̀ á fi nǹkan bíi mítà 9.8 fún ìṣẹ́jú àáyá kan lékún. Èyí ni mo sọ fún ọmọ mi tí ojú rẹ̀ fi là. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún òun bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbéra ga díẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, n ò ní parọ́.

Mo wọn òwú láti ìdí ìṣó dé ibi tí mo ta kókó sí, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100 géérégé. Ọmọ ń ka ìfì, èmi ń wo aago. Ìfì ogún gba ìṣẹ́jú àáyá 39.0, T wá jẹ́ 1.95. A ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ 10.38.

Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ó dáa bẹ́ẹ̀. Tíṣà náà ní ká máa lo 10."

Ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn ló tún dá mi lágara. Mo ní ká tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é, 39.0, 39.1, 39.0. Ìgbà tí mo wá tẹ́tí sí bó ṣe ń kà ni mo gbọ́ pé ní kété tó bá jọ̀wọ́ àgádágodo ló ti ń pe "oókan". Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde dúró, ṣé ó ti rin ìṣísẹ̀ kan ni? Ìfì mọ́kàndínlógún ló ń kà tó ń pè é ní ogún! Òdo lèèyàn ń pè nígbà tó bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó bá lọ tó bọ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di oókan. Bí ẹ ò bá rántí nǹkan kan nínú ohun tí mo kọ yìí, ẹ rántí òdo yẹn.

A tún un ṣe pẹ̀lú òdo. Ó gba ìṣẹ́jú àáyá 41.1. T jẹ́ 2.055. Ìdáhùn: 9.35.

Háà. Ó ti ga jù tẹ́lẹ̀, ó wá lọ sílẹ̀ jù. Ibí ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, ó sì gbà mí ní odidi ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta.

Mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan atẹ́gùn. Mo pa fáànù, mo ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, a ń làágùn, ó ṣì jẹ́ 41.1. Mo ní bóyá òwú ń yí lórí ìṣó, mo pààrọ̀ ìṣó. 41.1. Mo ní fóònù mi ti gbó, a yá ti aládùúgbò. 41.0. Oníbàárà kan wọlé láti gba aṣọ rẹ̀, ó bá ìyá àtọmọ níbi tí wọ́n ti ń ki orí bọ abẹ́ àgádágodo tó ń fì, ó béèrè lọ́wọ́ mi jẹ́ẹ́jẹ́ bóyá a ti lọ ṣe àyẹ̀wò níbì kan.

Mo ní bóyá àgádágodo ló wúwo jù. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ìwé sọ pé ìwúwo kò kan T. Mo ní ìwé ti sọ, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ rí i. Mo bọ́ ńlá, mo fi kékeré sí i. Ó di 40.9. Ìyàtọ̀ náà kéré, síbẹ̀ ó wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin la sì rí i. Mo wá wo àgádágodo méjèèjì lórí tábìlì. Ìwé kò parọ́, ìwúwo kọ́ ló fà á. Àgádágodo kékeré kò gùn tó ńlá, nítorí náà àárín rẹ̀ súnmọ́ kókó òwú ju ti ńlá lọ. Àárín ohun tí a so ni òpin L, kì í ṣe ibi tí a ta kókó sí! Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ. Mo dá ńlá padà, mo wọ̀n ọ́n láti ìṣó dé àárín ikùn rẹ̀, ó jẹ́ 102.5. Ìdáhùn gòkè sí 9.58.

9.58 ṣì kéré. Ọmọ mi ní kí n jẹ́ ká kọ 9.8 síbẹ̀ kí a lọ sùn. Mo wò ó débi pé òun fúnra rẹ̀ lọ gbé ìwé tí kò yẹ kó gbé.

Ní ìrọ̀lẹ́ kẹta ni bàbá káfíńtà tó wà lódìkejì ọ̀nà wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Ó bá wa nídìí ẹ̀, ó ní kí la ń wọ̀n. Mo sọ fún un. Ó yọ téèpù onírin rẹ̀ ní ìgbáròkó, ó fà á láti ìṣó dé àárín àgádágodo, ó ní, "Mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún àbọ̀."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, méjìlélọ́gọ́rùn-ún àbọ̀ ni."

"Ọmọ mi, wá wò ó."

Mo ní téèpù tiwọn ló ti tẹ̀. Mo ní èmi ni mo ń wọn èèyàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bàbá ò dá mi lóhùn. Wọ́n gba téèpù lọ́rùn mi, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí mo fi ń géṣọ, wọ́n tẹ́ tiwọn tì í, ojú irin mọ́ ojú irin. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n jọ ń lọ. Nígbà tó fi máa dé 50, tèmi ti kọjá díẹ̀. Ibi tí tèmi kọ 100 sí, 102 ni tiwọn kọ síbẹ̀. Téèpù mi ti nà. Fífà lójoojúmọ́, oòrùn ojú fèrèsé, ìgbà tí mo fi di ẹrù pàápàá: ó ti nà bí aṣọ àlòkù.

Mo fi 104.5 rọ́pò 102.5. 39.48 lọ́nà 1.045, ká fi 2.055 lọ́nà 2.055 pín in. Ó jẹ́ 9.77. Ọmọ mi pariwo. Bàbá káfíńtà pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mo jókòó.

Ìdí ni pé mo rántí síkẹ́ẹ̀tì léèsì kan. Téèpù tó nà kò ba aṣọ jẹ́ bí ó bá jẹ́ pé òun kan náà lèèyàn fi wọn ara tó sì fi gé aṣọ. Ẹ̀tàn rẹ̀ pa ara rẹ̀ rẹ́. Bí mo ṣe lò ó fún ọdún gbọọrọ láìmọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní Disẹ́ńbà, èmi ni mo wọn ìdí obìnrin kan tí mo kọ íǹṣì 44 sílẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mi ló fi téèpù tuntun tirẹ̀ gé e. Ìdí obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 45 ní tòótọ́. Síìpù kọ̀ jálẹ̀. Mo pe ọmọ iṣẹ́ náà ní olójú dúdú níwájú oníbàárà, mo ní kó san ₦6,500 nínú owó léèsì tuntun. Ìyá rẹ̀ gbé iṣu mẹ́ta wá láti fi bẹ̀ mí. Mo gún iṣu náà. Mo jẹ ẹ́.

Kí n parí ọ̀rọ̀ practical ná. Àwọn gígùn yòókù, 80, 60, 40, a ṣe wọ́n ní wákàtí kan lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú téèpù onírin, kò sí ìtàn níbẹ̀. Gíráàfù T² sí L jáde tọ́ọ́rọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì méjì yà díẹ̀ kúrò lórí ìlà. Ọmọ mi fẹ́ fi rọ́bà pa wọ́n rẹ́ kó tún wọn tò. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn méjì yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé a so nǹkan.

Ó wá bi mí pé ṣé a ṣì fi díẹ̀ kùnà ni, nítorí ìwé rẹ̀ kọ 9.8. Mo ní rárá, ibi tí a wà ló ń sọ̀rọ̀. Ayé kò rí roboto bíi bọ́ọ̀lù. Láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.5 ọdún tí òkúta àti eruku ti kó ara wọn jọ tí wọ́n di ayé ló ti ń yí, ohun tó bá sì ń yí máa ń fẹ̀ láàárín, bí síkẹ́ẹ̀tì oníflíà ṣe ń fẹ̀ nígbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá fi ẹsẹ̀ kan yí po. Láti àárín gbùngbùn inú ayé lọ́hùn-ún dé ojú ilẹ̀ ní agbedeméjì ayé, kìlómítà 6,378 ni. Sí òpó àríwá tàbí gúúsù, 6,357. Àwa tí a wà níhìn-ín, tí kò ju bí dígírì 7½ lọ sókè agbedeméjì ayé, jìnnà sí àárín díẹ̀ ju àwọn tó wà nínú yìnyín lọ, ayé sì ń yí kíákíá lábẹ́ ẹsẹ̀ wa jù. Nǹkan bíi 9.78 ni tiwa, 9.83 ni tiwọn. Ní 1672, ará Faransé kan, Jean Richer, gbé aago onípẹ́ńdúlọ́ọ̀mù láti Paris lọ sí Cayenne ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tóun náà súnmọ́ agbedeméjì ayé. Aago tó ń lọ déédéé ní Paris bẹ̀rẹ̀ sí fi ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ rẹ̀yìn lójoojúmọ́, ó di dandan kó gé pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù rẹ̀ kúrú. Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó fi aago yẹn ṣe ẹ̀rí pé ayé fẹ̀ láàárín. Ọmọ mi wo àgádágodo, ó wo Òkè Olósunta lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní, "Nítorí aago tó rẹ̀yìn?" Ojú tó fi wò mí nígbà yẹn tó ₦15,000.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ka ìmọ̀ ìṣàkóso iṣẹ́ ní póli pè lálẹ́, mo rò ó fún un. Dípò kó bá mi yọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ó ní ará Amẹ́ríkà kan wà, Frederick Taylor, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1911, tó máa ń fi aago wo bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin. Ó rí i pé kálukú ń mú ṣọ́bìrì tirẹ̀ wá láti ilé, ńlá, kékeré, ó ní kí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa pèsè ṣọ́bìrì tó bá ẹrù kọ̀ọ̀kan mu. "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ní kí ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ra téèpù tiẹ̀ wá." Mo ní iná fóònù mi ti fẹ́ tán.

Ṣùgbọ́n mo ra téèpù mẹ́rin, irú kan náà. Ọmọ mi ló tẹ́ wọn ti téèpù bàbá káfíńtà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yọ ọ̀kan kúrò nínú wọn nítorí kò bá irin mu, bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ tuntun nínú ọ̀rá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń ránṣọ, ẹ tẹ́ tiyín ti irin lónìí.

Mo pe ọmọ iṣẹ́ náà, ó ti ń dá ṣe ní Adó báyìí. Ó ní, "Ẹ káalẹ́ mà, ọ̀gá mi. Ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí, kó fi nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ ránṣẹ́. ₦6,500 ti wọlé fún un láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ti iṣu mẹ́ta yẹn ni n ò tíì mọ bí n ó ṣe san án.