Bí mo ṣe fi fóònù kọ́ ọmọ mẹ́rin ní gángan

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ oúnjẹ àwa onílù Ìlọrin. Nígbà tí kónílé-ó-gbélé Kòrónà dé lóṣù kẹrin ọdún 2020, ìyàwó ò ṣeé gbé mọ́, ìsọmọlórúkọ di ti inú yàrá, ìyáàlù mi sì ń gbé ara ògiri. Àwọn ọmọ mẹ́rin tí mò ń kọ́ ní gángan ní Gáà-Akanbí ò lè wá mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ti bá ìyá rẹ̀ lọ sí Òmù-Àrán. Ó dùn mí gan-an, torí ọwọ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ ni.

Mo kọ́kọ́ pè wọ́n lórí WhatsApp pé ká jọ máa lù ú. Kò ṣeé ṣe. Ìlù mi ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, tiwọn náà ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Èyí tó burú jù ni pé ariwo ni fóònù ka ìlù sí, ó ń gbé e mì. Mo lu "Àbẹ̀ní", oríkì ìyá ọmọ Òmù-Àrán: dò dò mí. Wọ́n ní "mí" nìkan làwọn gbọ́.

Mo bá pa ìpè tì. Mo fi fóònù ti àpótí, kí ojú rẹ̀ kọjú sí apá òsì mi, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà: bí apá bá fún ọ̀ṣán, ìyẹn okùn awọ tó yí ìlù ká, awọ á le, ohùn á lọ sókè, bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Mo ya fídíò ìṣẹ́jú kan péré, kí dátà má pa àwọn òbí lára. Mo fẹnu sọ gbólóhùn náà, mo pè é ní dò-re-mí, kí n tó wá lù ú. Àwọn náà á ya tiwọn ránṣẹ́, màá fi íápíìsì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, awọ gángan ọmọ Òmù-Àrán fàya. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra awọ ewúrẹ́ wà ní títì, mọ́tò ò sì ná ọ̀nà. Mo ní kó máa fẹnu lù ú. Alaalẹ́ ló ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, dò dò mí, dò dò mí, títí ọjà fi ṣí. Awọ ti gbówó lórí, mo rà á bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ìlù náà ránṣẹ́ sí mi, mo bò ó, mo fi í rán awakọ̀ padà.

Fídíò àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́, ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí. Ó fún ọ̀ṣán mọ́ abíyá, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan. Mo gbọ́ ohùn obìnrin láti inú ilé: "Ó o! Ta ló ń pè mí?"