Bí Síníọ̀ Bá Ń Fòòró Ọmọ Kékeré ní Họ́sítẹ́lì: Ohun Tó Yẹ Kí Olùkọ́ Ṣe

Nílé-ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọmọ JSS 1 kan wà tó máa ń dé ìdí ẹ̀rọ omi láago márùn-ún ìdájí pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Méjì jẹ́ ti àwọn síníọ̀. Tirẹ̀ ló ń gbẹ̀yìn, kó sì tó kàn án, agogo ti lù. Mo bi í pé kí ló dé. "Kò sí nǹkan, sà." Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó níbi tí irin bọ́kẹ́ẹ̀tì ń gbà.

Ọmọ yẹn kò purọ́ lásán. Ó mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ṣú, olùkọ́ á lọ sílé, òun àti síníọ̀ á sì jọ wà ní yàrá kan náà. Nítorí náà, kí ẹ tó bi í ní ìbéèrè kankan, ẹ kọ́kọ́ wá ibòmíràn tó máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹ bi àwọn tó rí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe pe àwọn méjèèjì jọ pé kí wọ́n bọra lọ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ tán. Àwọn tó bára wọn jà là ń parí ìjà fún. Dan Olweus, onímọ̀ tó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Norway, ti là á yé wa bí ìfòòró ṣe máa ń rí: ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, agbára àwọn méjèèjì kò sì dọ́gba.

Tó bá kan síníọ̀, ẹ sọ ohun tí wọ́n rí fún un, kì í ṣe ẹni tó sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí òun náà sọ tẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti pọnmi fún ẹlòmíràn rí ní JSS 1. Ìyẹn kò ní kó bọ́ lọ́wọ́ ìjìyà. Tó bá jẹ́ prífẹ́ẹ̀tì, ẹ gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó dá ohun tó bá gbà lọ́wọ́ ọmọ náà padà, kí àwọn òbí rẹ̀ wá gbọ́. Èmi kò fara mọ́ pàṣán: ẹni tí a nà lójú gbogbo ilé-ìwé, ara ọmọ kékeré ló ti máa gbẹ̀san lóru.

Bó bá di pé ọmọ fara pa, tàbí wọ́n fọwọ́ kan ìhòòhò rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ orúkọ ilé-ìwé mọ́. Ilé ìwòsàn, òbí, ọlọ́pàá, lọ́jọ́ náà gan-an. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni ṣe ọmọ léṣe lára tàbí lọ́kàn, ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ló kù. Nínú ètò tí Olweus bẹ̀rẹ̀ ní 1983, àgbàlagbà gbọ́dọ̀ wà níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ní tiwa, ìdí ẹ̀rọ omi ni. Kí olùkọ́ kan máa dúró síbẹ̀ láago márùn-ún, kí oníkálukú pọn tirẹ̀. Kí ẹ tún pe ọmọ náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn oṣù kan, àti nígbà tí táàmù tuntun bá wọlé, kí ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.