Glaucoma nínú ẹbí àti RNA tí kì í di pròtéènì: ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti ará ilé l'Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ọdẹ́dá, ẹ̀yin aláró Ìtòkú, ọ̀rọ̀ glaucoma rèé o, àrùn tó ń fọ́ni lójú díẹ̀díẹ̀. Tí bàbá bá ti fọ́jú, tí ẹ̀gbọ́n náà wá ń fọwọ́ wá ọ̀nà, kíá làwọn èèyàn á ti ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Rárá o, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n jogún ná.

DNA, ìyẹn ìwé ìlànà ara tá a gbà lọ́wọ́ òbí, inú ẹ̀ ni ara ti ń da ọ̀rọ̀ kọ sórí RNA, RNA yẹn ló fi ń ṣe pròtéènì tó ń ṣiṣẹ́ nínú ara, àmọ́ bíi 2% DNA wa péré ló ń di pròtéènì. Àwọn RNA kan ò dì í rárá, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa darí àwọn yòókù. Ẹ wo adìrẹ ẹlẹ́kọ: ẹ̀kọ láfún yẹn kì í ṣe aró, wọ́n á sì ha á kúrò tó bá yá, síbẹ̀ ibi tó bá wà, aró ò ní mú ibẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí aṣọ ní ọnà. Bẹ́ẹ̀ gan ni microRNA, kò ju bíi lẹ́tà 22 lọ, á lẹ̀ mọ́ RNA míì kó má bàa di pròtéènì. Ara aràn bíńtín kan ni Victor Ambros àti Gary Ruvkun ti rí i, wọ́n kọ ọ́ jáde ní 1993, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 2024.

Tí ẹ̀kọ bá ṣí níbi tí kò yẹ, ọnà bàjẹ́ nìyẹn. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó yí nínú microRNA kan tó ń jẹ́ miR-184 ti ba awọ iwájú ẹyinjú jẹ́ nínú àwọn ẹbí kan, ó tún fún wọn ní cataract, ìyẹn kùrukùru nínú ẹyinjú. Ti glaucoma, RNA kan wà tí wọ́n ń pè ní ANRIL, ìyàtọ̀ tó wà ní sàkáání ẹ̀ lórí DNA wà lára ohun tó ń jẹ́ kí àrùn yìí tètè mú ẹlòmíì ju ẹlòmíì lọ.

Kò tíì sí oògùn microRNA kankan lọ́jà fún ojú, ẹ má sanwó fẹ́ni tó bá ń kiri ẹ̀. Glaucoma tó wọ́pọ̀ láàárín wa kì í dunni, ẹ̀gbẹ́ ibi téèyàn ń wò ló kọ́kọ́ ń jẹ, àgbẹ̀ á kàn máa kọsẹ̀ lára ebè, á rò pé àgbà ló dé, ohun tó bá sì ti lọ ò lè padà mọ́, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Tí òbí tàbí ọmọ ìyá yín bá ní in, ẹ lọ wọn pírẹ́ṣọ̀ ojú, ìyẹn bí omi inú ojú ṣe ń tì í tó, ní ẹ̀ka ojú ilé ìwòsàn FMC Ìdí-Abà, ẹ má dúró dìgbà tí ojú bá ń ṣú, kẹ́ ẹ sì dárúkọ gbogbo ẹni tó fọ́jú nínú ẹbí fún dókítà. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ọdọọdún ni kó máa lọ yẹ ojú wò. Ẹ mú ẹnì kan dání, torí oògùn tí wọ́n máa kán sójú yín lè jẹ́ kí ojú máa ṣe bàìbàì fún wákàtí díẹ̀, ẹ má fúnra yín gun ọ̀kadà padà sílé.