Ẹ Má Fọ Góòlù Ojú Réésà Bàbá Yín Dànù

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Réésà àtijọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, àwọn tó wúwo lọ́wọ́ yẹn, téèyàn á tú orí ẹ̀, á ti bíléèdì olójú méjì bọ̀ ọ́, tí àwọn bàbá wa fi ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀ Sọ́ńdè kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí ní ọ̀pọ̀ ilé, Kabba níbí o, Ìyàrá o, Ìsánlú o, àwọn kan nínú ẹ̀ sì jẹ́ góòlù lójú. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìfẹ́ la fi ń bà á jẹ́. Ẹni tó rí tiẹ̀ á ní kóun fọ̀ ọ́ kó dán, á fọ̀ ọ́ lóòótọ́, góòlù á lọ, idẹ á kù.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Bàbá bàbá mi ló ni réésà yẹn, iye mi (ìyá mi) ló yọ ọ́ jáde lásìkò ọyẹ́, inú àkísà àǹkárá kan ló wé e sí. Ó ti ṣú, ọṣẹ àtijọ́ ti gbẹ mọ́ eyín ẹ̀. Mo lọ mú oògùn ìfọdẹ inú agolo, irú èyí tí àwọn ṣọ́jà fi ń fọ bọ́tìnnì, mo da díẹ̀ sórí aṣọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra á. Aṣọ ń dúdú, inú mi ń dùn, mo rò pé ìdọ̀tí ló ń jáde. Ìgbà tí mo ṣan án, tí mo gbé e síta sínú oòrùn, mo rí i pé ibi tí àtàńpàkò mi ti tẹ̀ ẹ́ jù ti yàtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣì pọ́n bíi góòlù, àmọ́ àárín ti di yẹ́lò ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti kọ́kọ́rọ́ àgádágodo. Ohun dúdú tó wà lára aṣọ yẹn, góòlù bàbá bàbá mi wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Idẹ ni ara réésà yìí, bàbà àti sìǹkì tí wọ́n yọ́ pọ̀, góòlù wulẹ̀ jẹ́ awọ tí wọ́n fi bò ó. Awọ yìí tín-ín-rín gan-an, lára irú nǹkan báyìí kì í sábà tó mákírọ̀ọ̀nù 1, ìyẹn ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà, bẹ́ẹ̀ irun orí kan ṣoṣo lè nípọn tó 70. Oògùn ìfọdẹ sì ní lẹ́búlẹ́bú tó ń họ nǹkan nínú, bó ṣe ń dán idẹ nìyẹn, ó ń họ ojú ẹ̀ kúrò. Ohun tó dáa fún ṣaworo àti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ikú góòlù ni. Ọṣẹ ìfọyín náà ń họ nǹkan, eérú àti iyanrìn tá a fi ń fọ ìkòkò ò ní àánú rárá, kàn-ìn-kàn-ìn onírin ẹ má tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀.

Àwọn kan á ní àwọn ò họ ọ́, ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ làwọn lò. Góòlù fúnra ẹ̀ ò ní kú nítorí ọsàn, òótọ́ ni, àmọ́ góòlù tó tín tó báyìí ní ihò wínníwínní tójú ò rí, omi ọsàn á gba ibẹ̀ wọlé lọ bá idẹ tó wà nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ idẹ tó ti wà níhòòhò lẹ fi sínú ọsàn tàbí fínígà mọ́jú, sìǹkì inú ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ, bàbà á kù, ẹ máa rí àwọ̀ pupa bíi ti kọ́bọ̀ àtijọ́. Pupa yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, ẹ ò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Jíìkì náà ò dáa fún un, ẹ jọ̀ọ́.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni ti amóníà, ìyẹn afẹ́fẹ́ olóòórùn líle tó máa ń jáde lára ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹran. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wà ní Íńdíà, wọ́n máa ń kó ọta ìbọn pa mọ́ sínú ilé ẹṣin lásìkò òjò, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó wọ́n á rí i pé àpò ọta tí wọ́n fi idẹ ṣe ti là, ọdún 1921 ni wọ́n tó ṣàlàyé ẹ̀ pé amóníà inú ìtọ̀ ẹṣin ló ń ṣe é, ó ń wá ibi tí idẹ ti le koko, tó ti fún, ó ń là á. Ọwọ́ réésà wa náà, idẹ ni, pàápàá tàwọn tí ọwọ́ wọn nínú ṣófo, ẹ lè rí ìlà tóóró kan tó là á gùn látìsàlẹ̀. Torí náà, ẹ má kó o pa mọ́ sítòsí ilé adìyẹ, ẹ má fi oògùn ìnugíláàsì tó ní amóníà fọ̀ ọ́, ẹ má sì fún un pa nígbà tẹ́ ẹ bá ń dì í, ìwọ̀nba tí bíléèdì ò fi ní mì ti tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà á, ẹ ṣọ́ra. Idẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn fọ̀ dáadáa á tàn bíi góòlù fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sì ní góòlù ni. Ẹ tú orí ẹ̀, ẹ wo abẹ́ ẹ̀ àti inú ẹnu ìdè, ìyẹn ihò tá a ti ń yí i dè, níbi tọ́wọ́ kì í dé. Ibẹ̀ ni góòlù tòótọ́ máa ń pẹ́ jù. Ẹ fi ọwọ́ tútù pa á lára kẹ́ ẹ sì gbóòórùn ìka yín, idẹ ìhòòhò máa ń fi òórùn sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ti Gillette, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe réésà, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà tó ní lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan lábẹ́, ọdún ló ń sọ, A ni 1955, B ni 1956, nọ́ńbà sì ń sọ èwo ló jẹ́ nínú ìdá mẹ́rin ọdún yẹn. Aristocrat, réésà Gillette kan tí wọ́n gbé jáde ní 1934, góòlù ni wọ́n fi bò ó, ẹ fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú un.

Ti kí wọ́n tún fi góòlù bò ó ńkọ́? Mo gbé ọ̀kan fún oníṣẹ́ góòlù kan. Kó tó bò ó, ó fi ẹ̀rọ ra á kó lè dán, orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sórí ẹ̀ parẹ́, etí ẹ̀ tó mú di kíríbítí, kò sì fi níkẹ́ẹ̀lì sáàárín idẹ àti góòlù, bàbà inú idẹ gba inú góòlù jáde, ojú ẹ̀ ṣú kí ọdún tó yí. Ti bàbá bàbá mi, mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ibì kan wà lára ọwọ́ ẹ̀ tí góòlù ti lọ kí wọ́n tó bí mi, ọwọ́ bàbá ló jẹ ẹ́, ibẹ̀ gan-an ni àtàńpàkò mi ń bọ́ sí nígbà tí mo bá ń fá.

Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ (kó má hó o), ọṣẹ tá a fi ń fọ abọ́ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀, ìyẹn nìkan ni mo ń lò báyìí. Tó bá ti di idẹ pátápátá, kò sí góòlù tó kù, ẹ lè fi oògùn ìfọdẹ ra á tó bá wù yín, kẹ́ ẹ ṣan án dáadáa, àmọ́ èmi ń fi í sílẹ̀ kó pọ́n bíi gààrí, ẹwà tiẹ̀ nìyẹn. Àwọ̀ ewé nìkan ni mi ò gbà, ìyẹn ò dáa lójú ọgbẹ́, mo ń fọ̀ ọ́ kúrò kí n tó fá.

Ẹ má fi òrí pa á, ẹ má fi àdín tàbí epo pa á. Iye mi fi òrí pa tiwa torí ó rò pé ó máa dá ìpẹtà dúró, òrí yẹn ló kan, ó bá bàbà inú idẹ jà, ó di ohun aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ inú ẹnu ìdè, ọjọ́ méjì ni mo fi yọ ọ́ pẹ̀lú igi ìtayín. Fasilíìnì díẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kì í kan. Ẹ yọ bíléèdì kúrò nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fá tán, torí irin ló máa dípẹtà mọ́ ọn lára, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ kẹ́ ẹ tó wé e, àǹkárá gbígbẹ ti tó.