Bí Ìdí Eyín Bá Ń Ṣẹ̀jẹ̀, Ẹ Má Fi Í Sílẹ̀

Ilé ìwòsàn eyín kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń ha eyín fún àwọn èèyàn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń jókòó sórí àga mi: "Nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ yẹn ń ṣẹ̀jẹ̀, mo ti fi í sílẹ̀ kó sinmi." (Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o, ṣùgbọ́n mo ti ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.) Fífi í sílẹ̀ yẹn gan-an ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì kọ́ ló ń fa ẹ̀jẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìdí eyín yín ló ti gbọ́ ohun tí àwọn bakitéríà ń bá ara wọn sọ, tí wọ́n sì ti figbe ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní máa sá fún ẹ̀jẹ̀ mọ́.

Bakitéríà kan ṣoṣo kò lè ṣe nǹkan púpọ̀. Ó máa ń tú èròjà kéékèèké sílẹ̀ yí ara rẹ̀ ká, àwọn tó wà nítòsí náà ń tú tiwọn. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ ni èròjà náà ń pọ̀, títí yóò fi dé ìwọ̀n tí gbogbo wọn máa fi mọ̀ pé àwọn ti pé, bí ìpàdé ẹgbẹ́ tí alága kì í ṣí àfi tí iye èèyàn bá kún. Ìgbà yẹn ni wọ́n á jọ dáwọ́ lé iṣẹ́ tí ẹnì kan kò lè dá ṣe. Oríṣiríṣi bakitéríà ló ń lo èròjà tí wọ́n ń pè ní AI-2. Fusobacterium nucleatum, tó máa ń so àwọn tó kọ́kọ́ dé ara eyín pọ̀ mọ́ àwọn burúkú tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ń ṣe é. Streptococcus mutans, èyí tó ń dá ihò sí eyín, ní tirẹ̀, CSP lorúkọ rẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: sẹ́ẹ̀lì tiwa náà ń gbọ́. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Manitoba ní Kánádà fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bo ìdí eyín ní ohun ìgbàròyìn kan, T2R14, ọ̀kan nínú irú èyí tí ahọ́n fi ń mọ̀ pé nǹkan korò. CSP ti Streptococcus mutans ń kàn án. Bó bá ti kàn án, sẹ́ẹ̀lì náà á tú IL-8 jáde, IL-8 ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ sì máa ń gbọ́ bí ìpè tí wọ́n á fi sáré dé. (Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sọ fún mi pé pákò tó bá korò ló dáa jù. Okùn ẹnu pákò tó ń gbá ìdọ̀tí kúrò ni mo ń wò ní tèmi.) Èèpo ara àwọn bakitéríà mìíràn, bíi ti Porphyromonas gingivalis, ní èròjà tí sẹ́ẹ̀lì wa máa ń fi ohun ìgbàròyìn mìíràn mọ̀, òun náà sì ń mú kí wọ́n ké.

Bí ìpè bá ti pọ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ibẹ̀ á fẹ̀, ẹran á wú, á rọ̀, bí nǹkan bá kàn án díẹ̀ báyìí, ẹ̀jẹ̀ á yọ. Títí ibí, ó ṣeé tún ṣe pátápátá. Bí ó bá pẹ́ jù, àwọn ohun ìjà tí ara wa fi ń jà á bẹ̀rẹ̀ sí í gé okùn tó so eyín mọ́ egungun, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ egungun á sì jí. Egungun tó bá ti lọ kì í hù padà fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, kí wọ́n tó pé ni kí á tú wọn ká.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu yín nínú dígí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ má wá àwọ̀ píǹkì tí wọ́n ń yà sínú ìwé. Ìdí eyín ọ̀pọ̀ nínú wa dúdú, kò sì ní àrùn kankan. Ẹ wo ẹran tó ṣóńṣó láàárín eyín méjì. Tó bá le, tó mú, ó dáa. Tó bá ti rí róbótó, tó ń dán, ó ti wú. Ẹ̀jẹ̀ lára ìrèké tàbí gúáfà tí ẹ gé jẹ náà jẹ́ àmì. Ẹni tó ń mu sìgá kò gbọdọ̀ fi àìrí ẹ̀jẹ̀ tan ara rẹ̀; sìgá máa ń bo ẹ̀jẹ̀ náà mọ́lẹ̀ nígbà tí egungun ń lọ lábẹ́.

Fífọ̀ ló kàn. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kí ẹ rà. Ẹ gbé e dagun ní ìwọ̀n dígírì 45, kí ẹnu rẹ̀ wà níbi tí eyín ti pàdé ẹran gan-an, kì í ṣe àárín eyín nìkan. Ẹ máa mì í díẹ̀díẹ̀ lójú kan, kí ẹ tó sún síwájú. Ìṣẹ́jú 2 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ti alẹ́ ni kí ẹ má sì jẹ́ kó bọ́, torí itọ́ máa ń dínkù tí a bá ń sùn. Ẹ̀yìn eyín iwájú ìsàlẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹnu ọ̀nà itọ́ wà lábẹ́ ahọ́n níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìdọ̀tí ti ń tètè le bí òkúta.

Ẹni tó fẹ́ràn pákò, kó máa lò ó: orín àtà, pákò Ìjẹ̀bù, èyí tó bá wù ú. Kó rún ẹnu rẹ̀ títí tó fi máa di okùn wẹ́wẹ́, kó sì fi í dé ẹ̀yìn eyín pẹ̀lú, kì í ṣe iwájú nìkan. Àárín eyín ń fẹ́ òwú tí wọ́n ń tà fún un. Ìyá kan tó ń ta ata ní Bódìjà máa ń fi ọwọ̀ ìgbálẹ̀ ṣe é. Ẹran ibẹ̀ ti ya, òun sì rò pé àrùn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìgbálẹ̀ àti abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Ó máa ṣẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Ẹ máa bá a lọ, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ fọ̀. Ní 1965, Harald Löe, onímọ̀ nípa eyín, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denmark ní kí àwọn èèyàn 12 tí ẹnu wọn dáa dáwọ́ fífọ eyín dúró. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, ìdí eyín gbogbo wọn ti wú. Nígbà tí wọ́n padà sí fífọ̀, bí ọ̀sẹ̀ kan ni ó gbà kó tó san.

Omi gbígbóná díẹ̀ tí a pò mọ́ iyọ̀ ń tu ẹran lára, ṣùgbọ́n kò lè tú ìpàdé náà ká. Omi ìfọnu chlorhexidine ń pa bakitéríà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá lò ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, eyín á di pupa rúsúrúsú. Flagyl tí ẹ̀ ń rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà ni kò bá mi lára mu rárá. Bakitéríà tó ti so pọ̀ lórí eyín ní ohun yíyọ̀ tó bò wọ́n, oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé tọ̀ wọ́n. Àwọn tó kù á sì máa kọ́ bí wọ́n ṣe máa borí oògùn.

Ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta, búrọ́ọ̀ṣì kò lè mú un. Àwa la máa ha á. Wọ́n máa ń sọ pé híha ló ń mú kí eyín mì. Irọ́ ni. Òkúta yẹn ló dí àlàfo tí àrùn ti ṣí sílẹ̀. Bí a bá yọ ọ́, ẹ̀ ń rí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Àwọn kan kò gbọdọ̀ dúró wò ó bóyá fífọ̀ nìkan á mú un san kí wọ́n tó wá rí wa. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, torí àrùn ìdí eyín àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ń ti ara wọn. Aláboyún, tí homonu ń mú kí ìdí eyín rẹ̀ tètè ké. Ó lè wá fọ̀ ọ́, kò ní ṣe ọmọ ní nǹkan. Ẹni tó ń lo amlodipine tàbí nifedipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ẹran ìdí eyín rẹ̀ ń hù bo eyín: kó má dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀, kó lọ bá dókítà tó kọ ọ́. Ẹni tí ọyún ń yọ, tàbí tí eyín rẹ̀ ń mì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún ń jáde nímú, tí ara ń gbóná, tí àmì bíi pé wọ́n lù yín ń hàn lára, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa, a máa fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọn àlàfo láàárín eyín àti ẹran. Ẹ bèèrè iye rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mìlímítà 1 sí 3 dáa. Láti 4 lọ sókè, ẹ bèèrè eyín tó jẹ́, kí ẹ sì gba ọjọ́ tí ẹ máa padà wá kí a tún un wọ̀n.