Bí A Ṣe Ń Gbá 2048 Tí Kò Fi Ní Há

Ẹni tó bá dúró ní Camp l'Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB ti ń wọ mọ́tò lọ sí Àlàbàtà, á rí àwọn tó ń fi géèmù fóònù pa ìdúró. Fún irú àkókò bẹ́ẹ̀, mi ò tíì rí èyí tó dà bíi 2048. Kò ní aago, kò sí ẹni tó ń léni. Nọ́ńbà àti ìrònú nìkan ni.

Gabriele Cirulli, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ítálì, ló ṣe é ní oṣù Kẹta ọdún 2014, ó sì fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà rẹ̀ fi pọ̀ lọ jàra. Ẹ yan èyí tó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà, tí ìpolówó ọjà kò sì dí i lójú.

Ẹ kọ́kọ́ mọ òfin rẹ̀. Àpótí 16 ló ní, mẹ́rin lóròó, mẹ́rin níbùú. Bí ẹ bá fa ìka sí òsì, gbogbo nọ́ńbà á sún sí òsì. Méjì tó jọra tó bá pàdé á di ọ̀kan. 2 àti 2 á di 4, 4 àti 4 á di 8, títí 1024 méjì á fi di 2048 tí à ń wá. Lẹ́yìn ìfà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà tuntun á yọ: 2 ni lọ́pọ̀ ìgbà, 4 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àyè bá tán, tí kò sí méjì tó jọra tó fara kanra, ó ti há nìyẹn. Ẹ sì fi èyí sọ́kàn: nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parapọ̀ kì í tún parapọ̀ nínú ìfà kan náà. Bí 2, 2 àti 4 bá tò tẹ̀léra, ìfà kan á sọ wọ́n di 4 àti 4, kì í ṣe 8.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan igun kan fún nọ́ńbà tó tóbi jù, ká ní ìsàlẹ̀ lápá òsì. Ìsàlẹ̀ àti òsì ni kí ẹ máa fà sí. Ẹ má fà sí ọ̀tún àfi bí ìlà ìsàlẹ̀ bá kún, tí kò sì sí méjì tó jọra nínú rẹ̀, kó má baà sún. Òkè ni kí ẹ sá fún jù. Bí ẹ bá fà sókè, ọ̀gá nọ́ńbà á kúrò nígun, 2 kékeré sì lè yọ sábẹ́ rẹ̀. Yíyọ ọ́ kúrò níbẹ̀ kì í rọrùn. Bó bá di dandan, ẹ tètè fà á padà sísàlẹ̀.

Ibi tó dùn jù ni títo ìlà ìsàlẹ̀ láti ńlá dé kékeré: 256, 128, 64, 32. Ẹ wá kó àwọn kékeré jọ lórí 32 yẹn títí 32 mìíràn á fi jókòó lé e. Ẹ fà sísàlẹ̀: 64 méjì ti fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Ẹ fà sósì lẹ́ẹ̀mẹta: wọ́n á di 128, wọ́n á di 256, wọ́n á di 512. Kí ẹ tó fà, ẹ fojú inú wo ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan máa dúró sí, bí àwọn ọ̀ta ayò ṣe ń ka ọmọ inú ilé kí wọ́n tó jẹ.

Tí 2048 bá yọ, máàkì yín á ti tó bí 20,000. Ẹ lè máa bá a lọ, torí àpótí 16 yẹn lè gba nọ́ńbà tó tó 131,072, ṣùgbọ́n igun tí ẹ ti yàn ni kí ẹ dúró tì.